Ìyá Tó Wà Lẹ́yìn Lọ́rì Kànmí

Ẹ rọra o, ẹ̀yin ọmọ Yétúndé. Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ bá wá. Ẹ ní màmá yín fẹ́ pé ọgọ́ta ọdún, ẹ fẹ́ ya pákó tó wà lára ògiri mi yìí, kí ẹ fi ẹ̀rọ tún un ṣe, kí ẹ pa àwọn ìlà ìdọ̀tí tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin inú rẹ̀ rẹ́, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńlá fún un. Èrò ọmọ rere ni. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìlà ìdọ̀tí kọ́ nìyẹn. Ẹ fa àpótí yẹn mọ́ra, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jókòó. Ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ bí obìnrin yẹn ṣe dé orí pákó kí ẹnikẹ́ni tó pa nǹkan kan rẹ́ lójú rẹ̀.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà tèmi kún fún ọ̀dà ni. Ayé tí ẹ̀rọ ń ya àwòrán ni ẹ̀yin bá. Ẹ ó gbé fóònù lé orí tábìlì ẹnì kan, kí ẹ tó mu omi tán, bánà ti jáde, ojú olóyè ti ń dán, kò sí àpá, kò sí oówo, bí ẹni pé àná ni wọ́n bí i. Tó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀, oòrùn ti jẹ ẹ́, wọ́n ti fi bo ilé adìẹ. Mi ò bú u o. Adìẹ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí òjò pa òun.

Ìgbà tí mò ń sọ yìí, ìgbà àwọn sọ́jà ni. Sápù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba wọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gbogbo nǹkan gbówó lórí, àwa olóòdà wá ń da kẹrosíìnì lu ọ̀dà kó lè pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ṣì máa padà sí i. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́bàá Ọjà Akẹ̀sán nílùú Ọ̀yọ́. Bí mo bá dijú báyìí, ìró ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dé etí mi. Okùn tí a fi ẹfun kùn, tí a nà láti etí pákó kan dé etí kejì, tí a fi ìka méjì fà sókè, tí a wá jọ̀wọ́ rẹ̀: tá! Ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ á jókòó sórí pákó, á gún rege. Sáńpépà á máa sọ ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀, bí ẹni ń rin orín láàárọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ariwo ọjà á rọra wọlé, á da ara pọ̀ mọ́ òórùn ọ̀dà, èèyàn á wà níbẹ̀ bí ẹni tó ń sùn tí ojú rẹ̀ sì là. Mo lè lo ọjọ́ kan lórí etí kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó ń lé mi.

Ẹ ò lè mọ Kìnnìún Akẹ̀sán, ẹ kéré jù. Ọkùnrin kan tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló ní kí n ya kìnnìún síwájú ṣọ́ọ̀bù òun. Èmi tó ń ya kìnnìún, mi ò rí kìnnìún rí. Mo wo ajá aládùúgbò mi, mo fi irùngbọ̀n àáfáà kan tó máa ń kọjá lọ́sàn-án kún un, mo kùn ún ní yélò. Ara ìbá jọ ti kìnnìún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń bẹ èèyàn ni. Àwọn ọmọdé ń ju egungun sí i. Baba yẹn bínú sí mi fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà tó rí i pé àwọn èèyàn ń ti Àwẹ́ àti Fìdítì wá wò ó, tí wọ́n sì ń mu nǹkan bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín, ó ní bí mo bá fọwọ́ kàn án, òun á mú mi lọ sí ààfin.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pákó onígbàjámọ̀ kan. Orí méje ló wà níbẹ̀, irun méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni gbogbo wọn ní, torí ọkùnrin kan ṣoṣo ló gbà láti jókòó fún mi. Títí ó fi kú ni wọ́n ń pè é ní Olórí-méje. Gbogbo àwòrán tí ayé mọ̀ ló ní ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ayé ò mọ̀. Ẹ wò ó, ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn, mo kàn ń yí po rẹ̀ ni, torí ojú ń tì mí díẹ̀.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọwọ́ mi ni ẹ ń wò yìí. Láti Ọ̀yọ́ títí dé Ògbómọ̀ṣọ́, ta ni kò mọ Ìyá Kànmí? Obìnrin kan jókòó sórí àpótí, ó tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀, ó ń wẹ̀ ẹ́, igbá omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdí lọ́rì ló wà nígbà náà. Tí lọ́rì náà bá ti gun afárá Odò Ọba, àwọn tó ń fọṣọ nísàlẹ̀ á na ọwọ́ sókè, wọ́n á ké pé, "Ìyá Kànmí, ẹ kú ìwẹ̀mọ o! Ọmọ náà ò tíì mọ́ ni?" Lójoojúmọ́ ni o. Àwọn oníṣòwò Sábó tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa gan-an mọ orúkọ rẹ̀.

Kànmí ni bàbá àgbà yín. Ìgbà tí ẹ mọ̀ ọ́n, ó ti di arúgbó tó ń rìn tọ̀pátọ̀pá. Èmi mọ̀ ọ́n nígbà tó jẹ́ ọkùnrin gidi, tí apá rẹ̀ le bí ọmọ odó. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọmọ ìjọ aládùúrà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, á wọ aṣọ funfun balẹ̀, á rìn láìwọ bàtà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, jẹ́jẹ́ bíi ìyàwó tuntun. Lọ́jọ́ Ajé, á wọ ṣòkòtò kúkúrú, á máa fi fèrè lọ́rì lé ewúrẹ́ àti èèyàn kúrò lọ́nà. Iṣu Ìrẹsà ló ń kó wá sí Ọ̀yọ́, ata gbígbẹ àti àlùbọ́sà Sábó ló ń kó lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wa lọ́rì olówó kí Ọlọ́run tó fún un ní tirẹ̀. Ìgbà tí àwọn káfíńtà kan pákó lọ́rì tuntun náà tán, kò tíì kó ẹrù kankan tó fi gbé e wá bá mi.

Ó dàgbà jù mí lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n Bọ̀dá Átíìsì ni gbogbo ayé ń pè mí, òun náà kò sì pè mí ní nǹkan mìíràn.

Ó ní, "Bọ̀dá Átíìsì, ìyá mi ni kí ẹ yà sí ìdí lọ́rì yìí."

Mo ní, "Fọ́tò wọn ńkọ́?"

Ó ní, "Kò sí fọ́tò. Mi ò tíì rìn nígbà tí wọ́n kú. Ìyá bàbá mi ló wò mí dàgbà."

"Báwo ni wọ́n ṣe rí?"

"Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wá nìyẹn." Ó jókòó sórí táyà. "Bọ̀dá, mo ti lé lógójì ọdún. Tí ìyá mi bá pàdé mi lọ́nà lónìí, mi ò ní mọ̀ ọ́n. Màá fọn fèrè fún un pé kó yà lọ́nà fún mi ni. Ó ń dùn mí. Bí mo bá ń lọ lójú ọ̀nà tí mo rí obìnrin kan tó ti dàgbà, ara mi á bù máṣọ."

Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ tí mo gbà láyé mi pọ̀, mi ò gba èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn bí ìyẹn.

A lọ sí Ìrẹsà, abúlé ìyá rẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni, ìkùukùu bo gbogbo oko, ohùn àwọn èèyàn á kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa kí a tó rí wọn. A bi àwọn àgbà léèrè. Ọ̀kan ní obìnrin náà ga bí òpó. Òmíràn ní kò ga, ó kàn máa ń na ọrùn ni. Baba kan ní òun ò rántí ojú rẹ̀ rárá, ẹ̀rín rẹ̀ ni òun rántí, ó sì gbìyànjú láti rín in fún wa, ikọ́ ló bá dé. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Kò sí èyí tó bá èyí mu. Ìgbà tó yá ni a dé ọ̀dọ̀ àbúrò obìnrin náà, ẹni tí a ń pè ní Màmá Ìrẹsà, ìyá arúgbó kan tó ń ṣa ẹ̀gẹ́ níwájú ilé. Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Ó ní, "Kí lẹ wá ń dààmú ara yín sí? Ẹ lọ wo Yétúndé. Ẹ̀gbọ́n mi ló padà wá."

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Màmá yín ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n bí nínú ẹbí náà lẹ́yìn tí obìnrin yẹn kú, orúkọ rẹ̀ kò sì ṣẹ̀yìn bẹ́ẹ̀: ìyá ti dé padà. Láti kékeré ni àwọn ará Ìrẹsà ti ń wò ó tí wọ́n ń mi orí. Ó ti tó ọmọ ogún ọdún nígbà náà, ó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Bẹ́ẹ̀ obìnrin tí a ń wá, ìgbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ogún ọdún náà ló kú. Ṣé ẹ rí i pé kò sí ohun tí mo ní láti fi kún un tàbí kí n yọ kúrò?

Ọjọ́ márùn-ún ni màmá yín fi jókòó fún mi ní Akẹ̀sán. Màmá Ìrẹsà fi ìró àtijọ́ kan ránṣẹ́, a yá ọmọ obìnrin kan tó ń ta okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, a gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Oòrùn àárọ̀ á wọlé láti ojú fèrèsé, á dúró sórí èjìká rẹ̀. Ọmọ náà tọ̀ sí i lára lẹ́ẹ̀mejì, adìẹ gun pálẹ́ẹ̀tì tí mo ń po ọ̀dà lé, ó fi ẹsẹ̀ pupa rìn yíká ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kẹta, Kànmí dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí ọmọ tó bí gẹ́gẹ́ bí ìyá tó bí i, ó rí ọmọ ọwọ́ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mọ̀ pé òun nìyẹn. Ó ṣí fìlà. Kí n tó sọ pé kí ló dé, baba ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Yétúndé.

Màmá yín bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde, ẹ ń fi ọ̀dà ba ṣòkòtò yín jẹ́!"

Kò dìde bọ̀rọ̀. Èmi náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń po ọ̀dà tó ti pò tẹ́lẹ̀.

Ó wá ku ilà ojú. Ẹ ò mọ ilà mọ́, ẹ̀yin. Ojú yín dán bí àwo. Nígbà tiwa, ilà ni a fi ń mọ ọmọ ilé tí ẹnì kan jẹ́ kó tó lanu. Àwọn olóòlà ló ń kọ ọ́, wọ́n á fi abẹ là á, wọ́n á kán omi ìgbín sí i kó tutù, ẹkún ọmọdé á gba ilé kan. Ìgbà tí wọ́n bí màmá yín, àwọn ọ̀làjú ti ní kí wọ́n má kọlà mọ́, ojú rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tí a ń yà, ayé àtijọ́ ni tirẹ̀, kò lè ṣàì kọlà. Mo ti béèrè nípa gèlè rẹ̀, mo béèrè bóyá ó ní èjí, mo béèrè bóyá ó pupa ni tàbí ó dúdú. Mi ò béèrè ilà. Kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Ohun tó wà lójú gbogbo èèyàn, ta ló ń ránni létí rẹ̀?

Ìyẹ́ adìẹ ni mo fi ń kọ ilà, mo gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kó mú. Ìrọ̀lẹ́ ni, àwọn ará ọjà ń palẹ̀ mọ́, mo wà ní èmi nìkan. Mo ti ń ya obìnrin náà fún ọjọ́ púpọ̀, mo ti rẹ̀ ẹ́, ó ti rẹ̀ mí. Mo ti ìyẹ́ bọ ọ̀dà, mo sì kọ ilà sí i lójú láìronú. Bí mo ṣe kọ ọ́ tán, ọkàn mi balẹ̀ gan-an. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mi ò mọ ìdí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a ya lọ́rì sí mímọ́ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ yẹn bọ́ sí àsìkò ìkórè, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà kítikìti níwájú pẹpẹ. Agogo ń dún, aṣọ funfun ń fẹ́ lẹ́lẹ́, àbẹ́là ń jó ní ọ̀sán gangan. Mo gbé àpótí ọ̀dà mi dání gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, torí iṣẹ́ olóòdà kì í tán títí lọ́rì fi máa lọ. Wọ́n ti fi aṣọ bo ìdí lọ́rì. Kànmí ṣí i. Igbe ta! Àwọn obìnrin ń sunkún, àwọn ọkùnrin ń pariwo halelúyà, Kànmí fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú pákó náà, ó ń pè é ní "Ìyá mi, ìyá mi." Mo dúró lẹ́yìn, mò ń ṣe bí ẹni pé kì í ṣe nǹkan bàbàrà ni mo ṣe. Orí mi ti wú ju ilé lọ.

Wọ́n wá fa Màmá Ìrẹsà jáde láàárín èrò. Àbúrò ni, ó yẹ kó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò kúnlẹ̀. Ó sún mọ́ pákó títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

Ó ní, "Ojú yìí, ojú ẹ̀gbọ́n mi ni. Ilà tó wà lójú rẹ̀ yìí ńkọ́?"

Èrò rọ́ mọ́ pákó.

"Pélé ni ilé wa ń kọ. Ẹ wo tèmi." Ó yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí wa, ìlà kéékèèké mẹ́ta dúró lóròó níbẹ̀. "Èyí dùbúlẹ̀. Àbàjà mẹ́ta nìyí. Tọ̀tún péye. Tòsì, ìlà kẹta gé kó tó dé ìdajì. Ilà ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ni. Átíìsì, ìyá ta lo yà?"

Mo gbójú sókè, mo sì rí i. Bí ilẹ̀ bá là níbẹ̀, ǹ bá wọ̀ ọ́. Ìyá mi ni.

Ìyá mi ló bu àbàjà mẹ́ta, tí tòsì rẹ̀ gé. Nígbà tí olóòlà ń bu ú fún un ní kékeré, ewúrẹ́ kan já wọ inú agbo ilé, ọmọ ta kìjí, abẹ yẹ̀, bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ìyẹn náà tó fi mọ ọmọ ẹni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá dùbúlẹ̀ tì í, ibi tí ìlà náà gé sí ni ìka mi máa ń wá kí n tó sùn. Mo ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀dà ní Ìbàdàn nígbà tó kú. Ìgbà ìkẹyìn tí mo wá sílé, ó bi mí pé, "Ìgbà wo lo máa wá ya èmi?" Mo ní kó jẹ́ kí ọwọ́ mi kọ́kọ́ dá sí i. Ọwọ́ mi dá sí i, mo ya ìyá gbogbo ayé, mi ò ya tèmi. Kò ya fọ́tò rí. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Mi ò lè sọ gbogbo èyí níbẹ̀. Kànmí ń wò mí bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.

Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ pa á rẹ́. Mi ò lè gbé ìyá ẹlòmíràn rìn kí n máa pè é ní tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ha á kúrò pátápátá."

Mo ní kò burú. Wọ́n lọ jẹun ìkórè, wọ́n fi mí sílẹ̀ nídìí lọ́rì. Mo mú sáńpépà. Mo gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan, ṣẹ̀ẹ̀, ọwọ́ mi dúró. Ẹ̀yin ọmọ mi, àwòrán kan ṣoṣo tí ìyá mi ní láyé ni. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń kọrin, omi ń bọ́ lójú mi, àgbàlagbà tó ní irùngbọ̀n. Mo ju sáńpépà nù. Mo po ọ̀dà tó jọ àwọ̀ ara rẹ̀, mo da kẹrosíìnì lù ú, mo fi bo ilà náà. Nígbà tó gbẹ, mo mú ìyẹ́, mo kọ pélé lé e lórí. Mo pè wọ́n.

Màmá Ìrẹsà wò ó. Ìyá arúgbó yẹn kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, ó ní, "Ẹ kú àtọjọ́ o, ẹ̀gbọ́n mi."

Kànmí bi mí léèrè pé, "Ṣé ẹ ha ti àkọ́kọ́ kúrò?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti sọ ọ́.

Ẹ̀rù irọ́ yẹn bà mí pẹ́. Ní àràárọ̀ ni bàbá àgbà yín ń fi omi nu ojú ìyá rẹ̀ kó tó nu gíláàsì iwájú, á kí i, á sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún un. Bí lọ́rì bá rì sínú ẹrẹ̀ tó sì jáde, á ní ìyá òun ló tì í. Bí mo bá rí i lókèèrè, màá wọlé. Ó rò pé ọwọ́ mi ń dí ni. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá, wọ́n ní. Ní tèmi, oòrùn àti òjò ló ń bá òtítọ́ rìn. Mo ti sọ fún yín pé kẹrosíìnì pọ̀ nínú ọ̀dà wa nígbà yẹn.

Ọjọ́ kan báyìí, lọ́rì náà ti kú, wọ́n ti ta irin rẹ̀. Kànmí gun ọ̀kadà wá sílé yìí, ó gbé pákó lé itan. Ó gbé e kalẹ̀ sínú oòrùn níta, ó ní kí n wá. Ọ̀dà òkè ti fẹ́lẹ́, ó ń ṣí. Lábẹ́ pélé tó dúró, àbàjà ń yọ, ó dùbúlẹ̀ bó ṣe wà. Ìlà kẹta tòsì gé.

Ó ní, "Bọ̀dá, ta ni obìnrin tó wà lábẹ́ ìyá mi?"

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí: olóòlà, ewúrẹ́, Ìbàdàn, sáńpépà. Ó wo pákó títí, ó gbé ojú kúrò, ó tún wò ó. Mo ti rò pé ọ̀rẹ́ tán. Ẹ̀rín ni mo gbọ́.

Ó ní, "Abájọ tí epo fi máa ń tètè tán! Èèyàn méjì ni mò ń gbé!"

A rín in títí ó fi di ẹkún. Mo ní kó jẹ́ kí n mú ọ̀dà, kí n bò ó padà fún un, mo ti ń wá búrọ́ọ̀ṣì. Ó di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀yin ò ní fọ́tò tiwọn, àbí?"

Mo ní mi ò ní.

"Gbogbo ọdún yìí, mo bá yín gbé ìyá yín rìn, mi ò mọ̀. Mi ò rìn mọ́ báyìí. Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi jókòó ti tèmi."

Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ, ó fi pákó sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ìyá bàbá àgbà yín lára ògiri mi, tí ẹ máa ń rò pé mo rà á ni. Bàbá àgbà yín ti lọ bá wọn. Màmá yín mọ̀ pé ojú òun ló wà níbẹ̀, kò mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ máa sọ fún un.

Ó yá, ẹ sún mọ́ ọn, oòrùn ti dé ibẹ̀ báyìí. Fi ìka rẹ tẹ̀lé ìlà yẹn, ìwọ obìnrin, rọra. Ó dé ibẹ̀, ó gé, àbí? Ewúrẹ́ nìyẹn. Ẹ mú fóònù yín, ẹ yà á bó ṣe wà, ẹ má pa nǹkan kan rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kí wọn. Ọkùnrin, dọ̀bálẹ̀. Obìnrin, kúnlẹ̀. Àwọn méjèèjì ni kí ẹ kí o.